Ìgbà Wo Ni Èrò Lè Kúrò Lẹ́yìn Amọ̀nà? Ọjà Àpòmù àti Ẹ̀kọ́ Abẹ́ Omi

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa lónìí dàbí ìbéèrè kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ ọn. Ẹnì kan lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn. Ó mọ bí a ti ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, bí a ti ń fi ẹnu mí láti inú rọ́bà rẹ̀, àti bí a ti ń wọ abẹ́ omi lọ. Ohun èlò yìí ni à ń pè ní skúbà. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn amọ̀nà ni ó ń tọ̀ nígbàkigbà tí ó bá wọ omi, òun àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ sanwó. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: ìgbà wo ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi lè lọ láìsí amọ̀nà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi iye dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹnì kan á ní kí ó di ẹ̀ẹ̀kanlélógún. Ẹlòmíràn á ní kí ó di àádọ́ta ìgbà. Èrò tèmi ni pé iye nìkan kò tó dáhùn. Ìbéèrè náà kì í sì í ṣe àjòjì ní ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tí ń ná ọjà Àpòmù bá irú rẹ̀ pàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Ẹni tí ó wọ ìsàlẹ̀ omi àti ẹni tí ó wọ ọjà tí ó jìnnà sí ilé rẹ̀ jọra ní ọ̀nà kan: àwọn méjèèjì wà ní ibi tí kì í ṣe tiwọn, níbi tí àṣìṣe kì í ti í rọrùn láti tún ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Àpòmù, kí a tó padà wá sínú omi.

Èrò ọjà Àpòmù

Lónìí, Àpòmù ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, Ìkirè sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú méjèèjì múlé ti ara wọn, agbègbè ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì wà. Ẹni tí ó bá ń kọjá ní Ìkirè lónìí lè rò pé dódò nìkan ni ìlú náà fi lókìkí. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àgbègbè yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Yorùbá wà. Orí ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ọjà Àpòmù wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ń bọ̀ láti ilẹ̀ ọ̀dàn ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú tí ń bọ̀ láti ìhà òkun, pẹ̀lú àwọn Ifẹ̀ àti àwọn Òwu. Ọjà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra lè ru ẹrù dé ibẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì di ẹrù.

Nítorí èyí, àwọn oníṣòwò kì í dá rìn. Wọ́n a máa kóra jọ ní ibi tí wọ́n bá dá, wọn a sì dúró títí wọn yóò fi pọ̀. Wọ́n ní olórí èrò tí ó mọ ojú ọ̀nà, tí ó mọ ibi tí a ti ń sùn àti iye tí oníbodè kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí ogun ti ń pọ̀ sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ó ní ohun ìjà lọ́wọ́ ni ó ń ṣíwájú, àwọn mìíràn sì ń kẹ́yìn, kí àwọn aláàárù lè wà ní àárín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá kọ̀wé lórí ètò yìí ní 1991, ó sì fi hàn pé ètò tí ó ní òfin àti ipò ni. Kì í ṣe ọ̀wọ́ ènìyàn lásán. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀ ni ọmọ tí ó ń kọ́ òwò ti ń rìn nínú irú èrò bẹ́ẹ̀.

Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè mọ̀ pé òun ti tó dá òwò tirẹ̀ rìn? Ìtàn Àpòmù fún wa ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta lórí èyí. Ọ̀kan jẹ́ nípa ẹnìkejì ẹni, èkejì jẹ́ nípa ibi tí à ń lọ, ẹ̀kẹta sì jẹ́ nípa àbọ̀.

Awólẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ni ó ṣe àkọsílẹ̀ ìtàn yìí. Kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1789, oníṣòwò ni ó ń ṣe, ó sì máa ń ná ọjà Àpòmù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń rìn. Ní ọjọ́ kan, Awólẹ̀ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó sì tà á sí oko ẹrú. Ọ̀ràn náà dé etí Baálẹ̀ Àpòmù, ẹni tí a ti pàṣẹ fún pé kò gbọdọ̀ gba jíjí ènìyàn gbé láyè ní ọjà rẹ̀. Baálẹ̀ ní kí a na Awólẹ̀, a sì nà án. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí ìtẹ́, kò gbàgbé ẹgba náà. Ó fẹ́ kí a kógun ti Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ó sì rí i pé ìlú òun yóò parun nítorí òun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ kí ìbínú ọba lè rọ̀.

A sábà máa ń sọ ìtàn yìí láti fi ṣàlàyé bí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rẹ́ tí a tà, ẹni tí ìtàn kò dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà. Kì í ṣe pé ó dá rìn, nítorí ó ní ẹnìkejì. Ẹnìkejì gan-an ni ó ṣe é. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: kíkúrò lẹ́yìn amọ̀nà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídá nìkan rìn, ẹni tí ó bá sì fi amọ̀nà sílẹ̀ ti gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé alábàárìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ataare tí ó di ogun

Jíjí ènìyàn gbé ní Àpòmù kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ikú Awólẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olórí Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu Akínjọbí pé kí ó bá àwọn fi òpin sí i. Àwọn Òwu gbọ́, wọ́n sì pa ìlú mélòó kan run ní àgbègbè náà, tí ó jẹ́ abẹ́ Ifẹ̀. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú lórí ataare tí a ń tà ní ọjà Àpòmù. Ataare náà di ogun. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú dòpọ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ilé wọn dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì sàga ti Òwu fún ọdún púpọ̀ ní àwọn ọdún 1820 títí ìlú ńlá náà fi tú. Láti inú ogun yìí ni ìdótì àwọn jagunjagun ti di Ìbàdàn ní 1829.

Kí ni èyí kọ́ èrò ọjà? Ẹni tí ó ti ná ọjà Àpòmù fún ogún ọdún àti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ náà, ogun kan náà ni ó bá wọn. Ogún ọdún ìrírí kò sọ nǹkan kan nípa ọjà tí ó ti yí padà láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìmọ̀ ọ̀nà àná kì í ṣe ìmọ̀ ọ̀nà òní.

Òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ òtítọ́. Ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ogun Kírìjì sì bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Díẹ̀díẹ̀, obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù láti Àpòmù lọ sí Ìbàdàn láìdúró de èrò. Kì í ṣe pé wọ́n láyà ju àwọn ìyá wọn lọ. Ọ̀nà ni ó yí padà.

Ohun tí omi ń ṣe sí ara

Ẹ jẹ́ kí a wọ omi wàyí. Ìtàn ìmòòkùn ti òde òní kúrú. Ní 1908, John Scott Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ewúrẹ́ ṣe ìdánwò, tẹ ìwé jáde lórí bí amòòkùn ṣe gbọ́dọ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà rọ. Ní 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀rọ tí ń fún amòòkùn ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun ojú omi lè wọ ìsàlẹ̀ òkun. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ́ni fi dìde: BSAC ní 1953, CMAS ní 1959, NAUI ní 1960, PADI ní 1966.

Àwọn ẹgbẹ́ yìí wúlò nítorí pé omi kì í ṣojúsàájú. Bí amòòkùn bá rì dé mítà 10, ìtẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń tán tó. Àgbá tí ìbá tó ẹnì kan mí fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójú omi yóò tó o fún ọgbọ̀n ní mítà 10, àti fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ní mítà 30. Bí ó bá sé èémí nígbà tí ó ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò máa wú, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Bí ó bá sì sáré gòkè, náítírójìn tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè hó bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò míńírà lójijì.

Àwa ní orílẹ̀-èdè yìí rí èyí kedere ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé ní etí òkun Nàìjíríà, Harrison Okene, tí ó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ náà, sì wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó kù ní ìsàlẹ̀ omi, ní nǹkan bí mítà 30, fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Nígbà tí àwọn amòòkùn rí i láàyè, wọn kò fà á gòkè lọ́gán. Ìyẹn ì bá pa á. Wọ́n gbé e lọ sínú yàrá irin tí a ti ń dín ìtẹ̀ kù ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkùnrin yìí kan náà lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn lẹ́yìn náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ìbẹ̀rù tí ó ti rí kò dí i lọ́wọ́. Kò sì rò pé ohun tí ojú òun ti rí tó láti fi rọ́pò ẹ̀kọ́.

Ohun tí ìwé ẹ̀rí sọ, àti ohun tí kò sọ

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ pàápàá fún amòòkùn ní àyè láti lọ láìsí amọ̀nà. Ti PADI, fún àpẹẹrẹ, sọ pé ẹni tí ó gbà á lè mòòkùn pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ dé mítà 18, nínú omi tí ó jọ èyí tí a ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin péré ni ẹni náà ti wọ omi gbalasa pẹ̀lú olùkọ́ kí ó tó gba ìwé yìí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń tọ amọ̀nà lẹ́yìn, ohun tí ó dára ni. Ewu rẹ̀ ni pé ènìyàn lè tọ amọ̀nà lẹ́yìn ní ogójì ìgbà láìkọ́ ohunkóhun. Amọ̀nà ni ó yan ibi tí a ó wọ̀. Òun ni ó wo bí omi ṣe ń ṣàn, òun ni ó ń béèrè iye afẹ́fẹ́ tí ó kù, òun ni ó rántí ibi tí ọkọ̀ wà. Irú amòòkùn bẹ́ẹ̀ kò mòòkùn ní ogójì ìgbà. Wọ́n gbé e mòòkùn ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ọjà. Ọmọ tí a pọ̀n lọ sí Àpòmù ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kò mọ ọ̀nà Àpòmù.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí amòòkùn tuntun bi ara rẹ̀, àwọn náà ni ìtàn tí a sọ sì ti kọ́ wa.

Èkíní: ta ni ẹnìkejì mi? Ṣé a ti yẹ ohun èlò ara wa wò kí a tó wọ omi? Ṣé a ti fi ẹnu kò lórí àmì ọwọ́ àti lórí ohun tí a ó ṣe bí a kò bá rí ara wa mọ́? Bí afẹ́fẹ́ mi bá tán, ǹjẹ́ ó wà nítòsí, ǹjẹ́ ó sì ti kọ́ bí a ti ń fún ni mí? Ọ̀rẹ́ tí a fẹ́ràn kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí a lè bá mòòkùn dandan. Awólẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rẹ́.

Èkejì: irú omi wo ni òní? Ẹni tí ó kọ́ ìmòòkùn nínú omi tí ó mọ́ gaara kò tíì mọ omi tí kò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tí a sé ní Aṣẹ́jìrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìkirè, dúró jẹ́ẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n odò tí a sé mọ́lẹ̀ ní igi nísàlẹ̀, ó ní ẹrẹ̀, ó sì ní ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹni tuntun yóò ti dán ara rẹ̀ wò. Ibi tí a ti mọ̀, tí kò jìn, tí omi rẹ̀ kò sáré, tí a sì lè jáde ní ìrọ̀rùn, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ mo lè padà? Oníṣòwò tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán ní Àpòmù kò ní ohun tí yóò fún oníbodè nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́. Sheck Exley, olùkọ́ ìṣirò kan ní Florida ní Amẹ́ríkà, yẹ ikú àwọn tí ó kú sínú ihò omi wò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1979. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ta okùn láti ẹnu ihò, tàbí pé wọn kò fi ìdá méjì nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ wọn sílẹ̀ fún àbọ̀, tàbí pé wọ́n lọ jìn jù. Àwọn òfin wọ̀nyí gba ẹ̀mí là títí di òní. Síbẹ̀, Exley fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹrin ọdún 1994 nínú ihò omi Zacatón ní Mexico, níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti rì dé nǹkan bí 300 mítà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í dé ibi tí omi ti ń gbé ènìyàn.

Inú èrò ni a ti ń kọ́ ìdárìn

Kí ni kí a wá ṣe? Kì í ṣe pé kí amòòkùn tuntun sá fún ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe pé kí ó wà lẹ́yìn amọ̀nà títí ayé. Inú ẹgbẹ́ gan-an ni kí ó ti kọ́ bí a ti ń lọ láìsí ẹgbẹ́. Kí ó wo aago afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí amọ̀nà tó béèrè. Kí a tó wọ omi, kí ó sọ fún ara rẹ̀ ibi tí a ó lọ, bí a ó ti jìn tó, àti ìgbà tí a ó yí padà. Nígbà tí a bá jáde, kí ó wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Kí ó bẹ amọ̀nà pé, lónìí, kí òun ṣíwájú, kí amọ̀nà máa bọ̀ lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí amọ̀nà bá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò sì rí ohun tí yóò tún ṣe, ọjọ́ náà ni ó tó lọ. Bí ó bá sì tún lè sọ láìtijú, ní etí omi, pẹ̀lú gbogbo ohun èlò lára, pé "omi òní kò dára, ẹ jẹ́ kí a padà sílé," a jẹ́ pé ó ti gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ṣòro jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ìmòòkùn, nítorí pé owó ti jáde, ọ̀nà sì ti jìn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá tú akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kí ó tó tó, ó ta á ni. Èyí tí kò bá sì tú u sílẹ̀ láé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi ń pọ̀n ọ́n, kò kọ́ ọ. Iṣẹ́ amọ̀nà rere ni pé kí ọjọ́ kan dé tí a kò ní nílò rẹ̀ mọ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì mọ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún ìjíròrò wa nìyí: nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin ń kọ́ni, kí ni ẹ fi ń mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yín ti tó kúrò lẹ́yìn yín? Ṣé iye ọdún tí ó lò ni, tàbí pé ẹ ti rí i tí ó yí padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà kò dára? Ó di ọwọ́ yín.